Ẹsẹ̀ Tí Mo Fi Du Ludger

Mireille, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o wá jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Corinne, ìwọ náà má lọ. Ìwọ ló ń ṣe iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ ní ọsibítù, ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́ ju bí o ti rò lọ. Dókítà ti sọ fún mi pé ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ mi kò ní jẹ́ kí n rí ìgbà tí wọn yóò gbin pòtétò ọdún yìí. Kò bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń retí kí nǹkan kan dé bá mi, ìbẹ̀rù ni o, ẹkún ni o, kò sí èyí tó dé. Ohun kan ṣoṣo ló kù fún mi láti ṣe. Òtítọ́ kan wà ní ikùn mi tó gbọ́dọ̀ jáde, nítorí bí mo bá gbé e wọ sàréè, irọ́ ni ẹ̀yin tó kù yóò máa fi rántí ìyá Mireille títí ayé. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bí mo bá dúró, mi ò mọ̀ bóyá n óò lè tún bẹ̀rẹ̀.

Mireille, o mọ̀ pé èmi ni mo tọ́ Rejane ìyá rẹ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Èmi ni mo ń di irun rẹ̀, èmi ni mo mú un lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ tó fẹ́ Ludger. Gbogbo ìlú wa létí odò Saint John ló fẹ́ràn bàbá rẹ nígbà náà. Ó lè dá gbé agbá pòtétò tó kún sínú ọkọ̀, ohùn rẹ̀ ń dún ju ti gbogbo akọrin lọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì mọ bí a ti ń pa àgbàlagbà lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá ti wọ̀ ọ́ lára, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélé. O kéré nígbà náà, kì í sì í ṣe é lójú rẹ. Mo rí Rejane nínú ooru oṣù Keje pẹ̀lú ẹ̀wù tó bo ọrùn ọwọ́. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀kùn àká ló gbá mi lápá." Mo ká aṣọ náà sókè. Mo ní, "Ilẹ̀kùn wo ló ní ìka márùn-ún?" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó gbé orí lé mi léjìká, ó sì sunkún títí ejò inú ìkòkò ọbẹ̀ fi… rárá, kí ni mò ń sọ, títí ọbẹ̀ adìyẹ tó wà lórí iná fi jóná. Oògùn ìrora yìí ń da ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nígbà mìíràn. Ẹ foríjì mí.

Àwa méjèèjì bá gbìmọ̀ pọ̀. Bí ìkórè pòtétò bá ti parí, tí Ludger bá ti bá àwọn ọkùnrin lọ sóde ọdẹ, Rejane yóò gbé ọ, yóò sì lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní Lewiston, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bàtà. Ó kó aṣọ sínú àpótí kan, mo sì tì í sábẹ́ ibùsùn mi. Ṣùgbọ́n ìkórè kò parí. Ẹ̀rọ tí ń wu pòtétò há, Ludger kò pa á kó tó fi ẹsẹ̀ gún ohun tó há sínú rẹ̀, ẹ̀rọ sì gbá ẹsẹ̀ náà wọlé. Ìgbà tí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní ọsibítù, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe ju pé kó gé e. Abẹ́ orúnkún ló ti gé e. Corinne, o mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ṣẹ́kù, tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì dàgbà, ìdajì ìrìn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mireille, o mọ̀ pé ọsibítù ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mi ò rò pé o mọ ohun tí mò ń ṣe gan-an. Èmi ni mo ń wo ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, tí mo ń sọ bóyá yóò tún rìn. Mo ń wo bí kùkùté ẹsẹ̀ náà ti ń jinná, bí oríkèé rẹ̀ ti ń ká tó sì ń nà, bóyá ẹni náà lè dá dìde lórí àga, bóyá ó lè fi ẹsẹ̀ kan dúró, bóyá èémí rẹ̀ gbé e. Mo ń béèrè ohun tó ń ṣe kó tó bọ́ sínú wàhálà àti ohun tó fẹ́ padà sídìí rẹ̀. Ohun tí mo bá sọ ni dókítà ń tẹ̀ lé, ohun tí dókítà bá sọ ni àwọn tó ń sanwó ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ń tẹ̀ lé. Mo tọ Dókítà Haskell lọ, mo ní, "Ọkọ àbúrò mi ni ọkùnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wò ó." Ó ní, "Florine, ta la tún ní níbí? Ṣé kí n ránṣẹ́ sí ọsibítù ńlá ní Bangor torí orúnkún kan? Wò ó bí o ti ń wo àwọn yòókù, jàre." Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Mo lè kọ̀. Ẹnu mi kò wúwo. Mi ò kọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dìde láàárín ọ̀pá irin méjì tí wọ́n fi ń kọ́ ìrìn, Ludger dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí òpó ilé. Kò gbọ̀n. Kò di irin mú pàápàá, ó kàn fi ìka kàn án. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀. Ọkùnrin yìí yóò rìn, yóò gun àkàsọ̀, yóò padà sóko kí ọdún tó yípo. Láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, mi ò tíì rí ẹni tó dára tó o. Mo fẹ́ sọ fún un. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń ṣàwàdà, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó, báwo ni Lewiston ti jìnnà tó?" Mo ní mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ pè mí wá tún páìpù ilé yín ṣe ni? Mo rí àpótí lábẹ́ ibùsùn. Aṣọ ìyàwó mi ni mo bá nínú rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹsẹ̀ ni wọ́n gé, wọn ò gé imú mi. Ibi yòówù kó lọ, n óò gbóòórùn rẹ̀ débẹ̀." Mo ní kó jókòó. Mo nu ọwọ́ mi. Inú kò bí mi, ẹ̀rù kò bà mí. Nǹkan kan kàn dákẹ́ nínú mi, bí ìgbà tí odò bá dì mọ́lẹ̀ nígbà òtútù. Kò tíì yọ́ títí di òní.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ni pé a kì í fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó ń tù wọ́n lára, gbogbo wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n orúnkún tó bá wà ní kíká ṣáá yóò gan síbẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ yóò súnkì, kò ní ṣe é nà mọ́, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kò sì ní ríbi gbà á. Nígbà tí Ludger padà sílé láti dúró kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ san, mo sọ fún Rejane pé kó máa lọ. Mi ò sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ, torí mo rò pé bí ẹ̀rù bá bà á, kò ní lọ láéláé. Ó ní, "Kí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣáà jinná, ẹ̀gbọ́n mi. Èèyàn kì í sá fi ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀." Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló pè mí lórí fóònù. "Ó ń jẹ̀rora gan-an. Ó ní kí n wá nǹkan fi sábẹ́ ẹsẹ̀ náà fóun. Ṣé kò léwu?" Mo gbọ́ ohùn rẹ lẹ́yìn rẹ̀, Mireille, ò ń kọrin. Mo ní, "Kò léwu. Fi ìrọ̀rí ńlá sí i." Ó ní, "Tọ̀sán-tòru?" Mo ní, "Tọ̀sán-tòru. Jẹ́ kó sinmi lé e dáadáa." Ó ní, "Ọlọ́run yóò san án fún yín." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ọwọ́ àbúrò mi ṣe é. Òun ló ń tẹ́ ìrọ̀rí náà, òun ló ń gbọ̀n ọ́n kó lè rọ̀, òun ló ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Èmi náà ń lọ bẹ̀ wọ́n wò. Ludger bi mí pé, "Ṣé kò sí bí mo ṣe máa na ẹsẹ̀ yìí, kó má baà gan?" Mo ní, "Sinmi ni."

Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá kí n lè sọ bóyá ẹsẹ̀ yóò bá a mu, orúnkún náà ti ká bí dòjé. Dókítà Haskell fà á, Ludger ké. Dókítà ní, "Kí ló fa èyí?" Mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀." Mo ní kí Ludger dìde, ó dìde. Mo ní kó fi férémù onírin rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn dé ibẹ̀, ó sì padà, ó ń wo ojú mi bí ọmọ ilé ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn ìbéèrè. Ara rẹ̀ ṣì le. Ìfẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nínú àwọn ipele tí a fi ń díwọ̀n wọn, mo fi í sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí à ń fi ẹni tí ẹsẹ̀ kò ní wúlò fún sí. Dókítà ní, "Bí a bá rán an lọ sí Bangor ńkọ́, kí wọ́n bá a na orúnkún náà?" Mo ní, "Ọtí ni yóò máa mu, dókítà. Kò ní ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Ẹ̀ ń fi àkókò wọn ṣòfò ni." Òótọ́ ni pé ó ń mutí. Irọ́ tí a bá fi òótọ́ díẹ̀ lú ló ń rọrùn láti gbé mì. Ludger kò bú mi. Ó kàn ní, "Rárá pátápátá?" Mo ní, "Rárá pátápátá."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbé àpótí náà lọ bá Rejane. Mo ní, "Ó ti tán. Kò lè tẹ̀ lé ọ mọ́. Gbé ọmọ rẹ, kí o máa lọ." Ó wo àpótí náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò gbé e dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ta ni yóò dáná fún un? Ká ní ó ń rìn ni, ǹ bá ti lọ." Ó tún un sọ, bí ẹni ń ṣàlàyé nǹkan kékeré fún ọmọdé: "Ká ní ó ń rìn ni." Mo gbé àpótí náà padà sínú ọkọ̀. Mo wakọ̀ lọ sílé. Mo jẹun, mo sì sùn. Mo lè padà sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì kí n jẹ́wọ́ fún dókítà, orúnkún náà kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Mi ò lọ.

Ìyókù, ìwọ náà rí lára rẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni Ludger ti ń lu Rejane lákọ̀ọ́kọ́. Á pè é sún mọ́ tòsí, Rejane á sì sún mọ́ tòsí, torí òun ló ní láti gbé e. Lẹ́yìn náà ni ìgbà òtútù tí bàbá rẹ jáwọ́ nínú ọtí dé, tó ń gbọ̀n tó ń làágùn nínú yàrá ẹ̀yìn, tí ìwọ àti ìyá rẹ ń pààrọ̀ aṣọ fún un. Ẹni tó jáde láti inú yàrá yẹn kì í ṣe Ludger tí mo mọ̀. Ó dákẹ́. Ó ń bó pòtétò fún ìyàwó rẹ̀ lórí tábìlì, ó ń dúpẹ́ bí wọ́n bá bu omi fún un. Mo ń lọ jẹun lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ludger á ní kí wọ́n gbé ploye, àkàrà pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, èyí tó gbóná jù, síwájú mi, á ní, "Ẹ̀gbọ́n wa ni ẹ kọ́kọ́ fún." Mo ń jẹ ẹ́. Mo ń wo bí Rejane ti ń fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn kó tó lè nàró, mo sì ń ní kí wọ́n na bọ́tà sí mi.

Mo ti dé ibi tó burú jù báyìí. Ẹ lè rò pé ìrọ̀rí yẹn ni. Òun kọ́. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí, ó kéré tán, àbúrò mi wà lọ́kàn mi. Ìgbà tí ìwọ ti lọ sí Portland ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Prentiss bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Bangor, tó ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún àwọn ará ibí. Rejane bá mi nílé ìdáná. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi tún Ludger wò. Ẹ̀yìn mi ti tán. Mi ò ní kó sáré o. Kó ṣáà lè dá dìde lórí ibùsùn." Ludger ti yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Florine, mo mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Kì í ṣe torí tèmi ni mo fi ń bẹ̀ yín." Corinne, mo mọ̀ pé wọ́n lè ṣí ẹ̀yìn orúnkún náà kí wọ́n sì nà án. Mo sì mọ̀ pé bí Prentiss bá rí i, ohun àkọ́kọ́ tí yóò béèrè ni ẹni tó jẹ́ kó gan bẹ́ẹ̀, àbúrò mi yóò sì dáhùn láìfura pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká fi ìrọ̀rí sí i." Ìyẹn nìkan ni mo rò. Ẹ̀yìn Rejane kò sí nínú ìrònú mi. Mo ní, "Orúnkún yẹn ti kú. Ẹ má fi ìrètí asán pa ara yín." Rejane ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi," ó sì padà sídìí àwo tó ń fọ̀. Nígbà tó yá, Prentiss fúnra rẹ̀ bi mí lọ́sibítù pé, "Mo gbọ́ nípa ọkùnrin kan létí odò tí orúnkún rẹ̀ gan. Ṣé kí n yà wò ó?" Mo ní, "Má dààmú ara rẹ. Ọkàn rẹ̀ kò le, orí rẹ̀ náà kò sì pé mọ́." Kọfí wà lọ́wọ́ mi. Mo mu ún tán. Kò korò lẹ́nu mi.

Oṣù Kẹta ni Rejane kú, o mọ̀. Ohun tí o kò mọ̀ ni bó ṣe rí, torí èmi ni mo bẹ Ludger pé kó má sọ ọ́ fún ọ. Ibi tí ìyá rẹ ti ń gbé Ludger jáde nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ni nǹkan kan ti já nínú orí rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú papọ̀. Rejane kò kú lójú ẹsẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀. Ludger wọ́ ara rẹ̀ dé ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ara ògiri ni fóònù wà lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kù sì ti rù bí igi gbígbẹ láti inú ìjókòó ọdún gbọọrọ. Ó gbìyànjú, ó ṣubú, ó tún gbìyànjú. Ó fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ gbá fóònù náà títí ó fi fọ́. Ló bá fàyà fà jáde sínú yìnyín, ó ń lọ sójú títì, níbẹ̀ ni awakọ̀ tó ń kó yìnyín ti rí i. Wọ́n bá Rejane ní òkú. Dókítà sọ fún mi pé ká ní wọ́n tètè pe ènìyàn ni, bóyá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Ludger, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Orúkọ yín ló ń pè. Ó ń sọ pé, 'Pe ẹ̀gbọ́n mi, pe ẹ̀gbọ́n mi.' Mi ò lè débi fóònù, Florine."

Bangor ni wọ́n gbé e lọ nítorí ìka ọwọ́ tí òtútù jẹ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúnkún náà, tí wọ́n nà án, tí Prentiss sì ṣe ẹsẹ̀ fún un. Ọkùnrin tí mo ní kò ní rìn láéláé rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde ọdún tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú irun funfun lórí. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Àná ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, lórí àga tí o jókòó lé yẹn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀rọ̀ Lewiston tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, mo ní in lọ́kàn. Ǹ bá lọ. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe tí mo bá débẹ̀." Ó gbé fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo wà nílẹ̀ ilé ìdáná, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe ká ní mo ní ẹsẹ̀." Ó jáde, kò kí mi.

Corinne, ìwọ ni ọ̀dọ́ níbí. Wọn yóò gbé ẹni tí o kórìíra wá bá ọ lọ́jọ́ kan. Yóò lè dúró, yóò sì tọ́ sí i kí o sọ pé ó lè dúró. Bí o kò bá lè sọ ọ́, bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ, kí o máa lọ sílé. Má ṣe jókòó sí ipò adájọ́ níbi tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe ẹni tí ń díwọ̀n. Mireille, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Bí o bá lè ṣe é lọ́jọ́ kan, mo bẹ̀ ọ́, ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, mi ò ní bá ọ jà níbi tí mò ń lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Nígbà tí bàbá rẹ ń jáde lánàá, mo wo ìrìn rẹ̀, ojú mi kò gbàgbé iṣẹ́. Ìbàdí rẹ̀ ń gbé sókè ní apá kan. Ẹsẹ̀ náà gùn jù díẹ̀, bó bá sì ń rìn bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò bàjẹ́. Sọ fún Prentiss pé kó gé e kù. Sọ pé èmi ni mo ní kó o sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ o. Kó tún un wọ̀n fúnra rẹ̀.